Ẹgbẹ́ Oníhòtẹ́ẹ̀lì àti Ìyá Mi ní Dùgbẹ̀

Bí a bá sọ pé hòtẹ́ẹ̀lì lónìí, ilé alájà tó ní yàrá àti bẹ́ẹ̀dì ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò. Kò burú, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn ìgbà tí mo ń sọ yìí, kí a tó gba òmìnira. Hòtẹ́ẹ̀lì ni a ń pe ilé oúnjẹ nígbà náà, bí kò tilẹ̀ ní àyè tí èèyàn lè na ẹ̀yìn sí. Ṣọ́ọ̀bù kan ni ti ìyá mi, ní Dùgbẹ̀, lójú ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Tábìlì gígùn méjì ló wà níbẹ̀, àti àwọn bẹ́ǹṣì, àti aṣọ kan tí wọ́n ta láti fi pín ibi ìdáná níyà. Ìyá mi a máa ta ìrẹsì àti ẹ̀wà láàárọ̀, a sì máa gún iyán lọ́sàn-án. Ìjẹ̀ṣà ni, iyán rẹ̀ kì í ní kókó. Iyán yẹn ló fi rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Òkè-Àdó, Ìyá Tíṣà ni gbogbo Dùgbẹ̀ ń pè é.

Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ oníhòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ tó dé, ojú olóúnjẹ a máa rí màbo lọ́wọ́ àwọn wolé-wolé, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń wọ ṣòkòtò kúkúrú kakí. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan, òun nìkan ni yóò máa sáré kiri, yóò máa kúnlẹ̀, yóò máa gbé adìyẹ dání. Ẹgbẹ́ wá fi òfin lélẹ̀: ẹni tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá lọ bẹ̀bẹ̀. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ ni yóò lọ bá wọn sọ ọ́. Bí wọn kò bá sì gbọ́, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò gbé ìkòkò wọn tó tóbi jù síta, wọn yóò dojú rẹ̀ dé síwájú ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà tó bá rí ìkòkò tó dojú dé kì í bèèrè ọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé kò sí oúnjẹ.

Òfin náà ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ wọn. Nígbà tí àwọn wolé-wolé rí èkúté níbi ìdáná alága ẹgbẹ́ tí wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìyá mi ló kọ́kọ́ dojú ìkòkò dé. Àwọn oníbàárà ti jókòó, àwọn mìíràn ti fọ ọwọ́.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Iná ń jó ilé ẹnìkejì wa.”

Odindi ọbẹ̀ ọjọ́ náà kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Akọ̀wé, awakọ̀ àti aláàárù ń rìn kiri Dùgbẹ̀ pẹ̀lú ebi. Àwọn ọ̀gá wolé-wolé fúnra wọn ló ní kí wọ́n lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù alága. Ijó ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jó wá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wolé-wolé kan wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá mi náà. Ó yọjú sínú àgbá omi tó wà lẹ́yìnkùlé, ó bu omi díẹ̀ sínú ife, ó gbé e sójú oòrùn. Tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn inú omi, ń jó nínú rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lẹ bébà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe èèyàn burúkú.

Ó ní, “Ìyá, ẹ da omi yìí nù, ẹ fọ àgbá yẹn, ẹ wá nǹkan bò ó. Tó bá di ọ̀la kí ẹ wá sí ọ́fíìsì wa. Lójú ẹsẹ̀ la máa ṣí i.”

Ìyá mi ní, “Mi ò lè dá wá. Ẹgbẹ́ ló máa wá.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ẹgbẹ́ ló ni tanwíjí yìí ni, àbí ẹ̀yin?”

“Ẹgbẹ́ ló ni mí.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá mi ti fọ àgbá náà, ó ti fi pákó bò ó. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ti parí. Ohun tó kù kò ju kí ẹnìkan lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, “Màámi, ẹ jẹ́ kí n sìn yín lọ.”

Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Ó ní, “Kí n wá wí kí ni fún ẹgbẹ́? Pé mo ti yọ orí tèmi? Ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ!”

Àwọn olóyè kò lọ sí ọ́fíìsì kankan. Ìyá mi dúró títí di ọjọ́ ìpàdé, mo sì sìn ín lọ. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù alága ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo rí i bí wọ́n ṣe fi bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn hàn án, òun tó máa ń jókòó níwájú.

Alága ní, “Ìyá Tíṣà, ẹ ní sùúrù. Ìjọba ń kó àlejò bọ̀ fún ìpàdé ńlá, àwa ni wọ́n sì ní kí a bọ́ àwọn awakọ̀ àti àwọn akọ̀wé wọn. Bí a bá dojú ìkòkò dé báyìí, àwọn olóúnjẹ Mọ́kọ́lá ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà fún.”

Ìyá mi ní, “Ẹ kò tíì lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ ti ń sọ ti ìkòkò. Ẹ kàn lọ sọ fún wọn pé mo ti bo àgbá.”

“Ṣé ká lọ máa bá wọn fa ọ̀rọ̀ lásìkò yìí? Kí wọ́n wá yọjú sínú àgbá tiwa náà?”

Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ ní, “Ẹ̀yin ará òkè, ẹ kì í bo omi nílé yín ni? Ẹ kó tanwíjí Ìjẹ̀ṣà wá bá wa n'Ìbàdàn!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín, ó sì tètè fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá mi dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, “Èkúté yín, ọmọ Ìbàdàn ni?” A jáde.

Nígbà tí àwọn àlejò ìjọba fi máa lọ tán, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́. Ọ́fíìsì ní ẹni tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò yọjú, wọ́n sì gbé ẹjọ́ náà síwájú adájọ́. Ẹ̀rù ba onílé tó yá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun kò fẹ́ ẹni tí ìjọba ń wá. Ó gba ṣọ́ọ̀bù náà, ó fi í fún obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹ̀wà nílé wa ní Òkè-Àdó, a sì máa gbé e lọ fún àwọn tó ṣì ń bèèrè rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn olóyè fi wá. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n wá rí ẹsẹ̀ rìn.

Alága ní, “Ìyá Tíṣà, a gbọ́ pé ẹ ń gbé oúnjẹ wá sí Dùgbẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ tà níbẹ̀.”

“Mo mọ̀. Èmi ni mo dá a lábàá.”

“Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká fúnra wa wá, ká má rán èèyàn.”

“Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi kí àwọn oníbàárà mi.”

Mo ti rí ẹgbẹ́ púpọ̀ láti ìgbà náà, mo sì ti ṣe akọ̀wé fún òmíràn. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ẹgbẹ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní Dùgbẹ̀ dára. Ẹni tó pa á mọ́ ni òfin náà sì mú.

Àpáta ni ìyá mi kó lọ níkẹyìn, ó ń ta èlùbọ́. Àwọn alélùbọ́ ibẹ̀ kí i dáadáa, wọ́n sì wá pè é sí ìpàdé wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gbé agbọ̀n èlùbọ́ sórí, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìsàlẹ̀ ọjà.