Ògiri Gbígbóná Àǹtí Òkè

Wọ́n ní bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, kí ó máa sọ ẹrù inú rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà gbé e dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run. Mo ti sọ púpọ̀ kalẹ̀. Mo ti dárí ji ẹni tó já mi kulẹ̀, mo ti dárí ji ẹni tó purọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èmi àti Àǹtí Òkè, mi ò tíì sọ ọ́ kalẹ̀, mi ò sì ní sọ ọ́ kalẹ̀, torí adùn tó wà nínú rẹ̀ kò tíì tán lẹ́nu mi.

Torino la wà, ní àwọn ọdún 1990 yẹn tí ààwẹ̀ Ramadan máa ń bọ́ sí àárín òtútù. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ti gbó là ń gbé, ní ẹ̀yìn ìlú, nínú àgbàlá kan tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Òyìnbó tó ni ilé kò gbé ibẹ̀. Àǹtí ló gba odindi ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ wà lókè, wọ́n fún àwa ní ìsàlẹ̀. Kì í ṣe àǹtí mi ní ti ẹ̀jẹ̀ o. Ó ti dé Italy ṣáájú wa, ó jù mí lọ dáadáa, ará Ìbàdàn sì ni bíi tiwa. Ìyẹn náà tó kí n máa kúnlẹ̀ kí i. Òun a máa pè mí ní Ìyàwó Ìsàlẹ̀. Èmi náà, nínú ikùn mi, mo sọ ọ́ ní Àǹtí Òkè.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ irin ọkọ̀. A ní ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé. A kì í ṣe ẹni tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n òtútù Torino ní ẹnu, ohun tó ń jẹ lóṣù kan ju ohun tí ènìyàn mẹ́ta ń jẹ lọ. Nítorí náà, a fi ọgbọ́n gbé ilé. Ohun tí ìsàlẹ̀ ní tí òkè kò ní ni stufa, ààrò onírin kan tí wọ́n ń fi igi dáná sí. Ní ọjọ́ Sátidé, tí ọjà Porta Palazzo bá ń tú, àwọn oníṣòwò á fi àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n fi kó ọsàn àti tòmátì wá sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi àti ọkọ mi á fi ẹsẹ̀ fọ́ wọn, a ó dì wọ́n, a ó sì gbé wọn wọ tram bí ẹni tó ń ti oko igi bọ̀. Obìnrin ará Gúúsù Italy kan tó ń ta ewébẹ̀ á tún kó bietola, ẹ̀fọ́ wọn kan tó jọ tẹ̀tẹ̀, fún mi, èyí tí yìnyín ti jó létí tí àwọn oníbàárà kò fọwọ́ kàn. Á ní kí n gbà, "Prendi, signora, prendi." Mo bá gbà. Bí a bá gé ibi tó jó kúrò, ẹ̀fọ́ gidi ni.

Kò sí iṣẹ́ tí stufa yẹn kì í ṣe fún mi. Òun ló ń gbẹ aṣọ, òun ló ń gbé omi ìwẹ̀ kaná. Èèpo ọsàn, orí rẹ̀ ni mo ń sá a sí. Bó bá gbẹ, òun ni mo fi ń ran iná lọ́jọ́ kejì, ilé á sì máa ta sánsán. Bí ẹ̀wà bá ti hó dáadáa lórí rẹ̀, mo máa ń gbé ìkòkò náà kalẹ̀, mo máa ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun, kí n sì gbé e sùn sórí ibùsùn. Bí mo bá fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, á ti rọ̀, láìjẹ igi kankan sí i.

Àǹtí Òkè ní ẹ̀rọ gáàsì tirẹ̀ lókè, tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n kì í tàn án. Ìyẹn gan-an ló fi ń yangàn. Bí àlejò bá ti jókòó báyìí, á bẹ̀rẹ̀:

"Èmi kì í tan gáàsì o. Ẹ wo kápẹ́ẹ̀tì tí mo tẹ́, ẹ wo kọ́tìnnì tí mo ta ní ìpele méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó yá iná, ẹ ò mọ ilé tọ́jú ni."

Èmi náà gbà á gbọ́, títí di ọjọ́ tí mo gun òkè lọ bun un ní iyọ̀. Ẹsẹ̀ mi kọ́ kápẹ́ẹ̀tì olókìkí yẹn, mo fi ọwọ́ ti ògiri kí n má baà ṣubú. Ògiri gbóná! Ó gbóná bí ikùn ìkòkò. Mo wo ilẹ̀, mo wo òkè, ọ̀rọ̀ yé mi. Páìpù èéfín stufa mi ló gba inú ògiri yẹn lọ sí orí òrùlé, wọ́n sì ti fi simẹ́ńtì rẹ́ ẹ pa. Àga tí Àǹtí máa ń jókòó sí, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ gbàgbàgbà. Igi tí mo ń rù láti ọjà ni obìnrin yìí ń yá bí ẹni yá oòrùn.

Mo fún un ní iyọ̀ rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀. Nílé wa, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí iná bá kú lójúlé kan, wọn a rán ọmọ lọ fọnná lójúlé kejì, kò sì sí ẹni tí í ka ẹ̀yinná sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Mo ní nínú ikùn mi pé kó máa yá a. Ooru tó bá ti kúrò nílé mi, kó ṣe ẹlòmíràn lóore.

Ìgbà tó yá ni ààwẹ̀ dé. Àǹtí pe àwọn ènìyàn wa jọ sókè ní ọjọ́ Àìkú kan láti wá ṣínu, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn kan tilẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Treviso. Kálukú gbé abọ́ tirẹ̀ wá. Èmi ro ẹ̀fọ́ bietola pẹ̀lú pánla, mo fi ìyẹ̀fun semolino ro ọkà, mo ní kí ọmọ mi gbé abọ́ náà ṣáájú. Àǹtí ṣí ìdérí, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ìyàwó Ìsàlẹ̀, níbo lo ti ra ẹ̀fọ́ yìí?"

"Porta Palazzo ni, mà."

"Ṣé o rà á ni àbí o ṣà á?"

Ẹnì kan ti ń fi imú rẹ́rìn-ín. Ara Àǹtí wá yá gágá.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má fi ẹ̀fọ́ ilẹ̀ ọjà ṣínu lójúlé mi o, kí inú má baà máa run yín lórí ìrun!" Ó dé abọ́ náà padà, ó gbé e lé ọmọ mi lọ́wọ́. "Gbà, gbé e padà fún màmá ẹ. Yéè! Ọmọ yìí náà ń rùn! Ẹ gbóòórùn èéfín lára kóòtù rẹ̀. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n gbé wọlé yìí o!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun mà, mo gba abọ́ mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá mọ ohun tó túmọ̀ sí kí a dá oúnjẹ padà fún ènìyàn ní ojú agbo. Síbẹ̀, ìyẹn nìkan kọ́ ló mú mi. Wọ́n máa ń ní àwọn ọmọ tí a ń tọ́ níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Irọ́ ni. Kò sí ọmọ tí kì í gbọ́ èébú. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi kọ̀, kò wọ kóòtù rẹ̀. "Mamma, puzza." Ó ní ó ń rùn. Ó wọ súwẹ́tà nìkan, ó wọnú ìkùukùu lọ sí ilé ìwé pẹ̀lú bàbá rẹ̀, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tèmi ti kóòtù òfìfo lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti búra. Mo ní ẹnu tó sọ pé èéfín mi ń rùn, ẹnu yẹn náà ni yóò bẹ̀ mí kí n rú èéfín.

Mo gbọn eérú inú stufa dànù. Mo nù ún kó dán, mo tẹ́ aṣọ funfun lé e lórí, mo gbé òdòdó oníke sí i. A kó wọ ilé ìdáná kékeré tó wà lẹ́yìn, níbi tí ààrò gáàsì alágolo wà. Mo fi páálí dí fèrèsé. Mo rọ omi gbígbóná sínú ike, mo ki ike bọ inú ìbọ̀sẹ̀, a gbé e sáàárín ara wa, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn sórí mátírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo. Ọkọ mi wo stufa.

"Ìyá ọmọ mi, kí ló ṣe é?"

"Ó ń gbààwẹ̀."

"Igi wà níta rẹpẹtẹ."

"Igi náà ń gbààwẹ̀."

Ó gbójú sókè wo àjà. Kì í ṣe òmùgọ̀. "Oṣù Ramadan la wà o. Dárí jì í."

"Mo ti dárí jì í. Ìdáríjì yẹn ló tutù báyìí."

Ló bá ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó na ìka sí mi: bí ọmọ bá húkọ́ pẹ́nrẹ́n, òun fúnra òun ni yóò dáná. Ohun tó wá kù nìyẹn. Bí àyà ọmọ mi bá ṣáájú ìgbéraga Àǹtí fọ́, mo ti pàdánù. Mo ń fi òrí pa ọmọ náà láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo ń fún un ní ògì gbígbóná mu, mo sì ń fetí sí òkè.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ àga. Ó ti kúrò nídìí ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́ tí wọ́n ń tan ẹ̀rọ gáàsì: ta, ta, ta, kò dáhùn. Ẹ̀rọ tí wọn kò tàn fún ọdún pípẹ́! Ẹni tó ń tún un ṣe ní iṣẹ́ wọ òun lọ́rùn, ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Nígbà tí mo pàdé Àǹtí lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ti wọ kóòtù nínú ilé, ó fi gèlè di etí.

"Ìyàwó Ìsàlẹ̀, òtútù ọdún yìí mà le o."

"Ó le, mà. Kápẹ́ẹ̀tì ńkọ́, mà?"

Ó wò mí. "Mi ò tilẹ̀ gbóòórùn èéfín yín mọ́."

"A ti jáwọ́, mà. Ẹ ní ó ń rùn. Ẹ ṣáà fa kọ́tìnnì yín dáadáa."

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ìdí rọ ọ́, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti ń fa imú lórí mátírẹ́ẹ̀sì. "Mamma, ho freddo." Òtútù ń mú un. Ọkọ mi dìde. Ó bọ́ síta, ó di ìdì igi kan mú, ó gbé e wọlé, ó sọ ọ́ sílẹ̀ níwájú mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi di ọjọ́ Àìkú. Ìdí ni pé mo mọ ohun kan: àwọn tí ọmọkùnrin Àǹtí fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn ń bọ̀ láti Padova láti wá bá wọn ṣínu, bàbá àgbà kan wà láàárín wọn. Obìnrin tó ń kọ́ gbogbo ayé ní ìtọ́jú ilé, ṣé inú kóòtù ni àna rẹ̀ yóò ti mu ògì?

Ọjọ́ Àìkú náà, lẹ́yìn ìrun Àṣárì, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ń rọra bọ̀ bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Ó wọlé. Ó rí aṣọ funfun, ó rí òdòdó.

"Ẹ ò dáná."

"Rárá, mà."

Ojú rẹ̀ bá páìpù lọ, láti orí stufa dé àjà. Mo rí i nígbà tó yé e. Bí wọ́n bá fi wúrà lọ̀ mí nítorí ìṣẹ́jú yẹn, mi ò ní tà á.

"Ibi àga mi ni páìpù yìí gbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ti pẹ́."

"O sì mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ìkà ni ẹ́."

"Ẹ ṣeun, mà."

Ó yí padà, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Èmi náà dúró. Níkẹyìn, ó sọ ọ́ fún ilẹ̀kùn: "Àwọn àna mi ti wọkọ̀. Jọ̀ọ́, bá mi dáná."

"Mi ò gbọ́, mà."

Ó kọjú sí mi. "Mo ní jọ̀ọ́. Iná ni mo wá tọrọ."

Mo pe ọmọ mi jáde, mo gbé kóòtù wọ̀ ọ́. Mo ní, "Àǹtí, ẹ bá mi gbóòórùn rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún un." Obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó fi imú kan èjìká ọmọ náà.

"Kò rùn, ọmọ mi."

"Non puzza?"

"Kò rùn rárá."

Mo fi èèpo ọsàn ran iná. Nígbà tí ó gbá mọ́ igi, tí páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kẹ́kẹ́kẹ́, Àǹtí ti fẹ́ máa gun òkè lọ, mo ní kó dúró ná.

"Igi ni ń jẹ́ iná, mà. Ní Sátidé, ẹ ó bá mi ká lọ."

Ó mi orí pé ó dáa.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, mo gbọ́ ohùn bàbá àgbà yẹn láti òkè, ketekete: "Ilé yín mà móoru o! Kí lẹ fi ń dáná?" Mo na etí sí èsì Àǹtí. Kò dárúkọ kápẹ́ẹ̀tì. Ọkọ mi wò mí pé ó tó báyìí. Kò tíì tó. Ó di Sátidé.

Ọjọ́ Sátidé, ó wọ kóòtù rẹ̀ onírun lọ́rùn àti bàtà awọ gíga, ó dúró láàárín ewé kábéèjì jíjẹrà ní Porta Palazzo, ó ń wò yíká bóyá ẹni mímọ̀ ń bọ̀. Obìnrin ewébẹ̀ na bietola sí i: "Prendi, signora." Ó gbà á. Ó tẹ àpótí kan fọ́, ó tẹ ìkejì, ó fi okùn dì wọ́n, ó nà ró, ó gbọn ọwọ́ pé ó parí.

Mo jẹ́ kó gbọn ọwọ́ tán pátápátá. Mo wá nàka.

"Àǹtí, ọ̀kan ṣì wà lábẹ́ tábìlì yẹn, mà."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.