Ẹjọ́ Àpò Inú Búùtù

Onídìrí mọ bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn kóòtù ju àga ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lọ. Bí àlejò bá dé, òun ni wọ́n máa ń bi léèrè yàrá tí adájọ́ wà. Akọ̀wé kóòtù tilẹ̀ máa ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ó kù díẹ̀ kí ìjọba máa san owó oṣù fún un. Á rẹ́rìn-ín, nítorí kò fẹ́ bá akọ̀wé jà.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà ní àtìmọ́lé. Takisí ló ń wà. Èrò kan gbé àpò sí búùtù ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá dá wọn dúró, èrò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, àpò kò lẹ́sẹ̀. Oògùn olóró ló kún inú rẹ̀. Ọmọ ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbà á gbọ́, torí ó mọ ohun tó bí. Béèlì ńkọ́? Adájọ́ ní kí onílé wá dúró fún un. Onílé wo ló fẹ́ fi ilé rẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró?

Bí ẹjọ́ ṣe ń fà nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, èsì àyẹ̀wò oògùn kò tíì dé. Nígbà tó dé, ẹni tó ṣe àyẹ̀wò ni kò wá. Ẹni yẹn wá, ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n bàjẹ́ lọ́nà, wọn kò rí ọmọ gbé wá. Ìgbà tí gbogbo wọn wá pé, wọ́n gbé adájọ́ lọ sí ibòmíràn, adájọ́ tuntun sì ní àfi kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn kò sọ fún wa pé kóòtù lè sún ọjọ́ náà síwájú.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ̀tun yìí, lọ́yà ọmọ pe onídìrí sí kọ̀rọ̀. Ó ní òun ti bá agbẹjọ́rò ìjọba sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n máa ka àkókò tó ti lò lẹ́wọ̀n mọ́ ìdájọ́ rẹ̀, á sì máa bá ìyá rẹ̀ lọ sílé lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀daràn ni ìwé máa pè é, kò sì ní wa takisí mọ́. Bó bá ní òun kò jẹ̀bi, wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́, ó sì ṣeé ṣe kó jàre. Onídìrí bi í ìgbà tí ìyẹn máa parí. Lọ́yà gbójú sókè, ó ń wo àjà.

"Ọmọ yín ní ohun tí ẹ bá ní kí òun sọ lòun máa sọ, Màmá."

Onídìrí wo ọmọ rẹ̀ níbi tí olùjẹ́jọ́ ń dúró sí. Ó ti rù, ó ń wúkọ́. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi kọ́ ọ.

"Ẹ ní kó gbà," ló sọ.

Wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí, ó ní òun jẹ̀bi. Kò pẹ́ rárá. Ó dun onídìrí pé kò pẹ́.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ wẹ̀ tán, ó jókòó ti oúnjẹ, kò fọwọ́ kàn án.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rò pé èmi ni mo ni àpò yẹn?"

"Rárá o, ọmọ mi. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ rí."

"Kí ló wá dé tí ẹ ní kí n gbà?"

Onídìrí wá ọ̀rọ̀ tó dáa ju èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ, kò rí.

"Ó ti rẹ̀ mí ni."

Ọmọ náà fa àwo oúnjẹ mọ́ra.

"Kò tíì rẹ èmi, Màmá."