Díákónì Pettway àti Bẹ́ẹ̀dì Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

Ní Tallow Creek, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, bí àlejò bá béèrè irú èèyàn tí Díákónì Lucius Pettway jẹ́, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún un. Ọjọ́ ìbuwọ́lùwé ni ọjọ́ náà, nínú oṣù Fẹ́búárì, ọjọ́ tí àwọn ọmọ iléèwé tó mọ bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ti Amẹ́ríkà í gbá ń jókòó sídìí tábìlì níwájú gbogbo ìlú, tí fìlà yunifásítì mẹ́ta wà níwájú wọn. Èyí tí ọmọ bá gbé lé orí, ibẹ̀ ló ń lọ. Àwọn bàbá tí kò sunkún nígbà tí wọ́n ń sin ìyá wọn a máa sunkún nítorí fìlà yìí.

Tavoris Crenshaw ló fẹ́ yan fìlà lọ́jọ́ náà. Ọmọ yẹn lè ju bọ́ọ̀lù láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé orí pẹpẹ. Díákónì ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà odò tó ti ń ta bẹ́ẹ̀dì, bó bá sì ti jẹun ọ̀san tán, á dùbúlẹ̀ sórí ọ̀kan nínú ọjà rẹ̀, á sùn fún wákàtí kan, á sì lálàá ọmọ tí yóò wá gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Bienvale, ẹgbẹ́ tiwa, tí à ń pè ní Lékèélékèé. Ó ti rí Tavoris lójú àlá: ọmọ náà ń sáré nínú oko òwú, àwọn ẹyẹ funfun ń fò tẹ̀lé e, nígbà tó sì dùbúlẹ̀ láti sinmi, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ kọjá bẹ́ẹ̀dì dé ojúgun. Díákónì jí, ó wá bẹ́ẹ̀dì tó gùn jù ní ṣọ́ọ̀bù, ó dì í mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù rẹ̀, ó di iléèwé.

Ó ku díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn nígbà tí Ramona Quayle sáré jáde pẹ̀lú bàtà gogoro. Ramona ló ń ṣọ́ òfin ní Bienvale. Láyé ìgbà yẹn, olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ fún ọmọ tí yunifásítì ń wá ní ohunkóhun, ì báà ṣe omi tútù.

"Díákónì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì yẹn kan ilẹ̀!"

"Ramona, ọmọ mi, ṣebí bẹ́ẹ̀dì lásán ni."

"Tó bá ti kan ilẹ̀, ó ti di ẹ̀bùn. Tó bá di ẹ̀bùn, ọdún méjì gbáko ni wọ́n máa fìyà jẹ wá!"

"Tí mo bá wá gbé e lé orí ńkọ́?"

"Ẹ ṣáà máa wakọ̀ lọ, sà!"

Díákónì bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ yí gbọ̀ngàn náà po, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ìyàwó. Ìgbà keje tó yípo ni ariwo sọ nínú ilé, bíi ti Jẹ́ríkò gẹ́lẹ́, àmọ́ odi tiwa ló wó. Tavoris ti gbé fìlà Yunifásítì Corliss lé orí, àwọn tí wọ́n ń pè ní Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, tí a kì í dárúkọ níbi tí èèyàn bá ti ń jẹun. Díákónì sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, ó wo Ramona, ó ní, "Kò burú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá ṣì yọ síta."

Àwọn tí kò rí i rí mọ̀ ọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn olólùfẹ́ Lékèélékèé ti ń jíròrò. Alálàá ni orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀. Bí agogo méjì ààbọ̀ ọ̀sán bá ti ń lọ lù, àwọn lọ́yà, àwọn dókítà àti àwọn tó ń wa tírélà káàkiri ìpínlẹ̀ a ti máa dúró de ohun tó máa kọ.

"Orí bẹ́ẹ̀dì kẹta ni mo sùn sí lónìí. Mo rí ọmọ Biloxi yẹn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Omi náà funfun báláú. Tiwa ni."

Ẹnìkan dá a lóhùn: "Alálàá, ọmọ yẹn ti fọwọ́ síwèé níbòmíì láti àná."

"Àná nìwọ ń wò. Ọ̀la lèmi ń wò."

Nínú ogójì ọmọ tó lálàá wọn, mẹ́ta péré ló wá sí Bienvale. Ìyàwó rẹ̀ ní àwọn mẹ́ta ọ̀hún gan-an, inú ìwé ìròyìn ló ti kà nípa wọn kó tó lọ sùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́sàn-án kò ní bá a jiyàn. Bẹ́ẹ̀dì méjìlá ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló wọ aṣọ funfun, bí ìkùukùu tó sọ̀ kalẹ̀ sinmi. Oòrùn ń gba ara kọ́tìnnì wọlé, ó pọ́n bí oyin. Fáànù ń yí lókè bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ, Díákónì á sì nà sáàárín, á ti bọ́ bàtà, á gbé ọwọ́ lé àyà, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ohun tí ojú wa kò lè rí. Obìnrin kan wá láti Natchez láti ra bẹ́ẹ̀dì, ó bá a lójú oorun, ó ní kóun kọ́kọ́ dán ti ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ wò ná. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ rẹ̀ tó rí i.

Oṣooṣù ni Ramona máa ń pè é.

"Díákónì, wọ́n ní ẹ tún ti lálàá ọmọ Meridian."

"Ṣé àlá ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ lè lá a. Ẹ ò kàn gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọmọ náà ni."

"Ó dáa. Àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé."

"Ẹ ṣé, sà."

"Àmọ́ Ramona, ajá náà ṣáà lè gbó díẹ̀?"

Ìgbà tó di ọ̀rọ̀ Jarvell Tunstall ni nǹkan wá le. Ọmọ ìjọ wa ni Jarvell, ojú Díákónì ni wọ́n ṣe rì í bọmi. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó ti ga débi pé ó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí pápá ni kó dúró níwájú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, kó sì máa bi àwọn ọ̀tá ṣubú. Gbogbo yunifásítì ló ń wá a, ṣùgbọ́n Bienvale àti Corliss ló kù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti fi ń na Lékèélékèé léraléra. Díákónì ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ó sì ti sọ fún pásítọ̀ pé ohun kan ṣoṣo lòun ṣì ń bẹ Olúwa fún kóun tó lọ: kóun rí i kí á nà wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré.

Nítorí pé láti kékeré ló ti mọ ọmọ náà, òfin kò ní kó má bá a sọ̀rọ̀ tàbí kó má gbà á lálejò. Àwọn ará íńtánẹ́ẹ̀tì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Alálàá, ọwọ́ yín ló wà o! Ẹ sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i létí!"

Ṣùgbọ́n Jarvell kò sùn mọ́. Àwọn kóòṣì ń pè é, àwọn oníròyìn ń pè é, àwọn tí kò mọ̀ rí ń pè é. Ó ń rù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ àgbà, Màmá Verdell, fà á lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Lucius, fún ọmọ yìí ní ibi tó máa sùn sí. Má sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù o! Mo mọ̀ ẹ́."

Bẹ́ẹ̀dì kẹta ni Díákónì fún un. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí àga, ó ń fi ìwé orin lé eṣinṣin kúrò lójú ọmọ náà fún odindi wákàtí mẹ́rin. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ kúkúrú ló kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì: "Mi ò sùn lónìí. Ẹlòmíì ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

Nígbà tí Jarvell jí, ó kọ́kọ́ wo òkè, bí ẹni tó ń wá ibi tó wà.

"Díákónì, mo sùn."

"Ṣé o fẹ́ sọ fún mi ni? O hanrun títí gíláàsì fèrèsé fi ń gbọ̀n."

Ọmọ náà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Ó ti rẹ̀ mí, sà. Gbogbo èèyàn ló mọ ibi tí mò ń lọ, àfi èmi. Ẹ sọ ibi tí mo máa lọ. Ibi tí ẹ bá sọ, ibẹ̀ ni."

Màmá Verdell sọ pé òun rí i tí ọ̀rọ̀ náà gòkè wá láti inú Díákónì, tó dé eyín rẹ̀, tó dúró síbẹ̀. Fáànù ń yí.

"Nígbà tí o lọ kí yunifásítì méjèèjì," ni Díákónì wí níkẹyìn, "báwo lo ṣe sùn?"

"Ní Bienvale, àwọn èèyàn ń kọrin lábẹ́ fèrèsé mi títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n fẹ́ràn mi, sà. Àmọ́ mi ò pajú dé."

Díákónì wúkọ́. Òun ló lé orin náà.

"Ní Corliss ńkọ́?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́."

Díákónì pajú dé títí Màmá Verdell fi rò pé ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ibi tí o ti sùn ni kó o lọ."

"Ṣùgbọ́n Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni wọ́n, sà."

"Mo mọ̀ wọ́n jù ẹ́ lọ. Tètè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mi kí n tó yí ọkàn padà."

Nígbà tí Jarvell gbé fìlà Corliss lé orí, àwọn ará íńtánẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu pa Alálàá. "Inú ìjọ yín ni ọmọ yìí wà, ẹ sì jẹ́ kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbé e lọ!" Kò wí àwíjàre. Ó kàn kọ ọ́ pé, "Ẹ má bínú. Oorun ló gbé mi lọ."

Ọdún mẹ́rin ni Jarvell fi gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, ìgbà mẹ́rin ni wọ́n sì nà wá. Díákónì kò pa eré kan jẹ, àárín wa ló ń jókòó sí, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Jarvell bi mẹ́ta nínú àwọn ọmọ wa ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, Díákónì sì fò dìde, ó kígbe pé, "Halelúyà!" Gbogbo ìlà ìjókòó yí ojú sí i. Ó rọra jókòó. Ó ní, "Mò ń gbàdúrà fún àwọn tó ṣubú ni."

Nínú oṣù Òkítóbà tó tẹ̀ lé e, ó jẹ ẹja àrọ̀ díndín, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán, kò sì jí mọ́. A kò tíì na Corliss. Ó lọ láìrí i.

Ìgbà ìsìnkú rẹ̀ ni Màmá Verdell dìde, tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ohun tí Díákónì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ nígbà tí òun bá wà láyé. Àwọn tó ti bú u lórí íńtánẹ́ẹ̀tì jókòó káàkiri inú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ orin abẹ́ fèrèsé. Lẹ́yìn náà wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ramona nu ojú, ó ní, "Fáìlì tí mo ní lórí ọkùnrin yìí nípọn bíi Bíbélì. Èyí kò sí níbẹ̀."

Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé pósí. Jarvell ló wà níbi orí, ó fi orí àti èjìká yọ ju gbogbo àwọn tó kù lọ, ó sì ní láti bẹ̀rẹ̀ kí pósí má bàa dagẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì wa kò dọ́gba. Màmá Verdell ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Rọra o, Jarvell."

"Mò ń rọra, Màmá," ló wí, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí ẹnìkan ti ń sùn.