Màmá Ẹ̀yìnkùlé àti Ata Lílọ̀

Nígbà tí mo kéré, tí mo ṣì ń sáré bí ẹtu, ilé tí àwọn ayálégbé pọ̀ sí la ń gbé ní Èbúté Mẹ́ta. Ogun abẹ́lé kò tíì pẹ́ tó parí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má wo ọ̀pá tí mo fi ń rìn yìí. Lásìkò yẹn, kò sí ọmọbìnrin tó lè yà mí sílẹ̀ ní iléèwé wa.

Yàrá tó kángun sí ẹ̀yìn ilé ni ìyá arúgbó kan ń gbé, Màmá Ẹ̀yìnkùlé la sì ń pè wọ́n. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni ọkọ wọn kó tó kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà nílé ọkọ ní Mushin. Ata lílọ̀ ni wọ́n fi ń jẹun. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti máa ń kúnlẹ̀ ti ọlọ wọn, wọ́n á lọ ata, wọ́n á lọ ẹ̀wà àkàrà, wọ́n á lọ ẹ̀gúsí. Ṣùgbọ́n lílọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà lójú wọn. Bó bá jẹ́ ewé àgbo ọmọ tuntun ni, omi gbígbóná ni wọ́n á fi fọ ọlọ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ata má baà ta ọmọ lára. Bó bá jẹ́ ti ilé tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀, wọn kì í gbowó.

Nígbà tó yá, ẹnì kan gbé ẹ̀rọ ìlọta wá sí ìkóríta. Ariwo rẹ̀ pọ̀, èéfín rẹ̀ ń bo òpópónà, àmọ́ kí o tó ṣẹ́jú, ata ti kúnná. Díẹ̀díẹ̀ làwọn èèyàn sá lọ sídìí rẹ̀. Ìyá mi nìkan ló kọ̀. Wọ́n ní, “Ọwọ́ tó lọ àgbo tí mo fi wẹ̀ yín, n kò ní fi sílẹ̀.”

Àárọ̀ Sátidé ni ìyá mi máa ń ní kí n gbé ata lọ fún Màmá Ẹ̀yìnkùlé kí àwọn tó jáde lọ sọ́jà. Àárọ̀ Sátidé náà la sì ń ṣe ìdánrawò eré ìje ní pápá kan ní Yaba. Tíṣà wa le koko. Bí a bá sáré tán, tí a ń mí hẹlẹhẹlẹ, á ní, “Ẹ kò tíì kúnná! Màá lọ̀ yín padà!” Ẹni tó bá pẹ́ dé kò ní bá wọn lọ sí ìdíje. Ẹ̀rù èyí ló bà mí. Ni mo bá ń gba iwájú ilé gbé ata lọ sí ìdí ẹ̀rọ, màá sáré gbé e padà, màá sì kọrí sí Yaba. Oṣù kan gbáko ni mo ṣe é, ìyá mi kò fura.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá Ẹ̀yìnkùlé kan ilẹ̀kùn wa. Wọ́n ti rù tó bẹ́ẹ̀ tí ìró wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí wọn ká lẹ́ẹ̀mejì.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n sọ fún ìyá mi, “ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?”

“Kí lẹ wí yẹn, Mà?”

“Sátidé mẹ́rin rèé tí mo ti fọ ọlọ, tí mo jókòó, n kò rí ata rẹ. Bí òkúta bá ti wọnú èyí tí mo lọ̀ fún ọ kẹ́yìn, sọ fún mi. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.”

Ìyá mi yíjú sí mi. Mo doríkodò. Gbogbo rẹ̀ yé Màmá Ẹ̀yìnkùlé lójú ẹsẹ̀.

“Má nà án,” ni wọ́n wí. “Eré ló fẹ́ lọ sá.”

Wọ́n rọra padà sí yàrá wọn. N kò lè sọ pé ẹ má bínú. Ìyá mi kò nà mí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ìdíje. Mo ti pinnu pé bí mo bá dé, màá kúnlẹ̀ bẹ Màmá Ẹ̀yìnkùlé. Mo gba ipò kìn-ín-ní. Mo sáré láti pápá délé, ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́ mi, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ tààrà. Ìyàwó onílé ni mo bá tí wọ́n ń gbá yàrá náà.

“Ọmọ wọn ti wá mú wọn lọ sí Mushin,” ni wọ́n sọ fún mi. “Wọ́n dúró dè ọ́ títí. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá ìwọ lo ṣíwájú.”

Mushin kò jìnnà, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Mo ní ọ̀la, mo ní ọ̀túnla. Kí òjò ọdún náà tó dá, a gbọ́ pé wọ́n ti kú.

Lónìí, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ló ń lọ ata nílé mi ní Surulere, n kì í lo ìṣẹ́jú kan nídìí rẹ̀. Ayé ti yá, n kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n èmi náà ti darúgbó. Ohun yòówù tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀rọ kan ti wà tó ń ṣe é. Mo máa ń jókòó sí iwájú fúláàtì mi, àwọn ọmọ àdúgbò á kí mi pé, “Ẹ kú ìjókòó, Mà,” wọ́n á sì sáré kọjá. N kò dá wọn lẹ́bi. Èmi náà sáré kọjá.