Ìrìn Àjò Ọlọ́jọ́ Mẹ́ta Nínú Ilé Bàbá Amọ̀nà

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Kàm̀bódíà láì kúrò ní Rogers Park ní Chicago. Kò gba ìwé ìrìnnà, kò gba bàálù. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, tí mo gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan tí òórùn ẹja gbígbẹ kì í kúrò nínú rẹ̀, tí mo sì ṣílẹ̀kùn, bàbá arúgbó kan á ti jókòó dè mí nínú àga oníkẹ̀kẹ́. Á na ọwọ́ kan ṣoṣo tó ṣì ń bá a ṣiṣẹ́ sí mi, á sì sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ ju tèmi lọ pé, "Ẹ káàárọ̀, màdáámù. Ẹ kú àbọ̀ sí Angkor. Òní ni ọjọ́ kìíní wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀ lé mi." Èmi ni mo sì máa ń ti àga náà tí a ó fi lọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1980 ni. Mi ò tíì pẹ́ tí mo ti Abẹ́òkúta dé Chicago, mò ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́, mo sì ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé wọn lójú mọmọ. Lásìkò yẹn, àwọn tí ogun lé kúrò ní Kàm̀bódíà pọ̀ ní apá àríwá ìlú náà. Ṣọ́ọ̀ṣì ló gba òmíràn nínú wọn sílé, ẹbí ló gba òmíràn. Bàbá yìí jẹ́ amọ̀nà ní Angkor, níbi àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ tí àwọn baba ńlá àwọn Khmer, ọmọ ilẹ̀ Kàm̀bódíà, fi òkúta kọ́. Iṣẹ́ tó fi tọ́mọ nìyẹn kí ogun tó dé. Nígbà òtútù tó ṣáájú ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ó mú ẹsẹ̀ rẹ̀ àti apá òsì. Nígbà tó sì lajú sáyé padà, ogun ti pa rẹ́ nínú iyè rẹ̀, Amẹ́ríkà náà ti pa rẹ́. Àlejò tó wá wo tẹ́ńpìlì ni gbogbo ẹni tó bá wọlé tọ̀ ọ́ wá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bá a jiyàn. Mo ní, "Bàbá, èmi kì í ṣe àlejò, èmi ni mo wá tọ́jú yín." Ó wò mí tàánú-tàánú, ó ní kí n fi fìlà borí, oòrùn ibẹ̀ mú. Nígbà tí mo délé, mo rojọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Please, má bá stroke patient argue o. Tó bá ní tourist ni ẹ́, be a tourist! Àbí bàbá ẹ ní Abẹ́òkúta sọ pé òjò ń rọ̀, ìwọ á ní kò rọ̀?" Òótọ́ ni, wọn ò tọ́ mi kí n pe àgbàlagbà ní òpùrọ́. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti di àlejò.

Ọ̀nà gbọọrọ tó ti yàrá ìgbàlejò lọ sí ilé ìdáná ni afárá òkúta tó gba orí omi kọjá wọ tẹ́ńpìlì ńlá. Níbẹ̀, ó ní kí n máa rọra tẹ̀ é, òkúta yọ̀. Ó fi àwọn òrìṣà tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri hàn mí, àwọn kan ń fa ejò gígùn kan lápá ọ̀tún, àwọn kan ń fà á lápá òsì, wọ́n fi ń po òkun wàrà inú ìtàn wọn. Ògiri tó ń nàka sí, kàlẹ́ńdà ilé ìtajà kan ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ti tẹ́ńpìlì olójú púpọ̀, níbi tí ojú ọba wà lórí gbogbo ilé ìṣọ́, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọba yẹn, ó ní, kọ́ ilé ìwòsàn káàkiri ilẹ̀ rẹ̀, nítorí náà kí èmi akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kí i dáadáa. Mo sì tẹrí ba fún fìríìjì. Ọjọ́ kẹta ni ti ibi tí gbòǹgbò igi ti di ògiri mú. Lẹ́yìn náà, a ó lọ sí ojú fèrèsé, á fi adágún omi Michigan hàn mí, á ní adágún ìlú àwọn nìyẹn, odò tó ń ṣàn jáde nínú rẹ̀ a máa yíjú padà lọ́dọọdún, á sì máa ṣàn wọlé. Mo bojú wẹ̀yìn rẹ́rìn-ín, mo ní àrùn náà ti mú ọpọlọ bàbá lọ tán. Ìgbà tí mo dé ilé ìkàwé ní ilé ẹ̀kọ́ wa ni mo rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni odò náà ń ṣe. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi tí mo rò pé mo ti rìn jìnnà!

Ojú fèrèsé yẹn ni ìrìn àjò ti máa ń parí. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, á ní kí n gbàdúrà kí ọ̀nà dán. Bó bá di ọjọ́ kejì, a ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí afárá.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin kì í rẹ́rìn-ín sí i. Ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ ìránṣọ ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, nírọ̀lẹ́ ló ń dé gba bàbá lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, ó ń gé ewé koóko ọba sínú ọbẹ̀, ó sì sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn fún mi. Nígbà ogun, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣiṣẹ́ oko lọ́tọ̀, bàbá àti ìyá rẹ̀ gba ibòmíràn lọ. Nígbà tó rí bàbá rẹ̀ padà ní àgọ́ àwọn tó sá fógun ní ẹnubodè, bàbá nìkan ló rí. Ó béèrè ìyá. Bàbá ní, "Ó di ọ̀la." Wọ́n dé Amẹ́ríkà, ó tún béèrè, bàbá tún ní ó di ọ̀la. Ọ̀la náà ni wọ́n wà tí àrùn fi dé.

Ó ní, "Sister, àwa ní ọdún kan tí a fi ń bọ́ àwọn òkú wa. A ó gbé oúnjẹ lọ síwájú àwọn mọ́ńkì, àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Búdà, a ó dárúkọ àwọn tó ti lọ. Bí mo bá dárúkọ ìyá mi, tó sì wà láàyè níbì kan, èmi ni mo fi ẹnu ara mi pa á. Bí mi ò bá dárúkọ rẹ̀, tó sì ti kú, ebi ló ń pa á kiri. Kí ni kí n ṣe?"

Nílé wa, ẹni ọmọ sin ló bímọ, a kì í sì í ṣòkú ẹni tó wà láàyè. Ibi tí ọmọbìnrin yìí wà, àárín méjèèjì ni. Dókítà sì ti sọ pé àrùn náà tún ń bọ̀ wá kọ lu bàbá, pé nígbà tó bá dé, kò ní bá a ṣeré.

Gbogbo ọgbọ́n la dá. Ọmọ á bá a sọ̀rọ̀ lédè wọn, á máa fún un lóúnjẹ, á máa béèrè. Bàbá á gbé oúnjẹ mì, á ní ọkọ̀ ń dúró. Èmi náà gba ọ̀nà àlejò wọlé. Lọ́jọ́ kan lójú fèrèsé, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká yà ní abúlé yín, ká kí ìyàwó yín." Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Ó ní, "Kò sí nínú ètò wa, màdáámù." Bí iṣẹ́ amọ̀nà ṣe rí nìyẹn, àlejò kò wọ bàálù wá gbọ́ ẹkún onílé. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ yé mi, ó sì dùn mí, torí bí mo ṣe ń ṣe àlejò fún un tó ni mo ń ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara mi. Bí mo bá sì kọ̀ láti ṣe àlejò, á dákẹ́ lódindi ọjọ́.

Iléyá ọdún náà bọ́ sínú ooru. Wọn ò fún mi láyè níbi iṣẹ́, n kò rí Yídì lọ. Mo wọ bùbá tuntun sábẹ́ aṣọ iṣẹ́, inú mi bàjẹ́, torí láàárọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nílé, bàbá mi la máa ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí. Mo ṣílẹ̀kùn, mo rí arúgbó nínú àga. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, mo ní, "Ẹ kú ọdún, Bàbá. Ẹ kú ìyèdún."

Kò kí mi káàbọ̀ sí Angkor. Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi tàbí ìrẹsì tó máa ń bá ọmọ rẹ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ gígùn ni, ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ń fi ọwọ́ júwe, ó ń dúró, ó ń nu ojú, ó tún ń bá a lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ, mi ò sì gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́. Ó ń fi ẹnu sọ ọ́. Etí tí yóò gbọ́ ọ ló wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Mo rọra fi orúnkún rìn dé ilé ìdáná, mo fa fóònù, mo pe ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀gá wọn ní wọn kì í pe òṣìṣẹ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún sí i létí, ó ní kí n dúró. Mo ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lọ́hùn-ún, mo ń gbọ́ ohùn bàbá níhìn-ín. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi máa dé orí fóònù, mo ti ti àga bàbá wá, mo fi fóònù sí i létí. Ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń pè é. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún ohùn ṣe, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ o. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn àlejò ti ṣe tán. A ti ń bọ̀ nísàlẹ̀."

Nígbà tí ọmọ náà sáré délé, òógùn ti bo gbogbo ara rẹ̀. Mo sọ fún un bí mo ṣe kúnlẹ̀. Ó bú sẹ́kún, ó ní bí àwọn náà ṣe ń kí òbí nìyẹn, pé látìgbà tí àrùn ti dé, ìdúró lòun máa ń wà béèrè ọ̀rọ̀, pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó forí kan ilẹ̀. Bàbá ní kí màdáámù dìde, ilẹ̀ tẹ́ńpìlì tutù.

Ni ọmọ náà bá yíjú sí èmi. Ó ní kí n sọ ohun tí mo gbọ́, bó ṣe wù kó rí. Mo gbìyànjú, ìró lásán ló ń jáde lẹ́nu mi, kò sí ọ̀kan tó jọ ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Kí ló ń fi ọwọ́ ṣe?" Ìyẹn ni mo rántí. Mo ká àtẹ́lẹwọ́ kò bí igbá kékeré, mo fi bu nǹkan nílẹ̀, mo gbé e síwájú, mo dà á, mo tún bu òmíràn. Ó ń wò mí. Ó lè jẹ́ pé bàbá ń bu omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ ló ń fi bọ́ ọ. Ó sì lè jẹ́ yẹ̀pẹ̀ ló ń bù bo èèyàn. Ọmọ náà ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe títí apá fi ń ro mí, kò sí èyí tó yàtọ̀ sí ara wọn.

Kí ìgbà ìwọ́wé tó dé, àrùn náà padà wá, bàbá sì kú. Nígbà ọdún àwọn òkú, ọmọ rẹ̀ ní kí n sin òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti sọ di tẹ́ńpìlì. Ó gbé abọ́ ìrẹsì méjì síwájú àwọn mọ́ńkì. Orúkọ kan ṣoṣo ló dá, ti bàbá rẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, Richton Park lẹ́bàá Chicago ni mò ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi. Obìnrin yẹn náà ti di ìyá àgbà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń wá kí mi, a ó jẹun, a ó rojọ́ orúnkún tó ń dùn wá. Bó bá kù díẹ̀ kó lọ, á ní, "Sister, ẹ ṣe é kí n rí i." Mo mọ ohun tó ń béèrè. Mo máa ń ká àtẹ́lẹwọ́ mi kò, mo máa ń bu nǹkan nílẹ̀, mo máa ń dà á síwájú. Ó máa ń tẹjú mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mi ò tíì lè sọ fún un pé ọdún ti pọ̀ lórí rẹ̀, pé mi ò lè búra mọ́ pé bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣe é nìyẹn.