Orí Kẹfà Tí Mo Yọ

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Oǹdó, láàárín àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pè mí ní Mọ́mì, tí wọ́n sì ń yá nóòtì mi dà kọ. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ wa, obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ń kọ́ wa nípa àwọn obìnrin tó ń kọ̀wé ní ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn, àti àwọn atẹ̀wé ilẹ̀ Áílándì. Ó ní òfin tó de àwọn atẹ̀wé Lọ́ńdọ̀nù kò de àwọn ti Dọ́blìn nígbà náà. Bí obìnrin kan bá fi ọdún mẹ́ta kọ ìwé, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ní pẹ́ tí ìwé náà yóò fi wọ ọkọ̀ ojú omi dé Dọ́blìn. Wọ́n á tún un tò, wọ́n á gé e níbi tó bá gùn jù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tí kò wọ́n, wọ́n á sì tà á ní ọ̀pọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ lè má gbọ́ rárá. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin yẹn kò tilẹ̀ fi orúkọ sára ìwé wọn. "Láti ọwọ́ obìnrin kan" ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, kí ojú má baà ti ará ilé.

"Olè ni wọ́n!" ọmọ kan kígbe láti ẹ̀yìn. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní kí a má yára dájọ́, pé àwọn olè yẹn náà ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn rí ìwé àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kà. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo kàn ń fi bírò ha etí nóòtì mi. Èmi gan-an ti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn rí, Àkúrẹ́ sì ni Dọ́blìn tèmi.

Ìgbà Sáàpù ni, tí náírà já wálẹ̀, tí ohun gbogbo sì gbówó lórí. Ẹni tó bá gbé ayé nígbà náà kò nílò kí n ṣàlàyé, ẹni tí kò bá sì gbé e, kí ó dúpẹ́. A ń gé ọṣẹ ìfọṣọ wẹ́wẹ́ kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kékeré kan lẹ́yìn Ọjà Ọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láàárín ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀. Èmi ni mo ń to lẹ́tà. Lẹ́tà òjé ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ẹ̀pà lọ. Mo máa ń ṣà wọ́n nínú àpótí tó ní yàrá wẹ́wẹ́, mo sì ń tò wọ́n sórí irin tí mo fi ọwọ́ òsì mú. Ojú wọn kọ sódì, nítorí ohun tó bá ṣe òdì lára òjé ló máa ń tọ́ lórí pépà. Èékánná mi kì í mọ́. Ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ mi dà bíi ti ẹni tó ń ta èédú, mo sì ní kí wọ́n má jẹ ọbẹ̀ mi nìyẹn. Ẹ̀rín la jọ ń rín, wọ́n sì ń jẹ ọbẹ̀ náà.

Ìkéde òkú ló ń bọ́ wa. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ti dín kù, ṣùgbọ́n òkú kò mọ̀ pé ìlú le. Àwọn tó ń tẹ ìwé kíkà ní Ìbàdàn ti dáwọ́ dúró, torí pépà ti wọ́n ju ẹran lọ. Àwọn olùkọ́ ń kọ odidi ẹ̀kọ́ sójú pátákó, àwọn ọmọ ń dà á kọ títí ọwọ́ yóò fi máa ro wọ́n. Ìgbà náà ni ọ̀gá mi, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé tí kì í mu omi láìgbàdúrà sí i, gbé ìwé pẹlẹbẹ kan wá.

"Gbogbo ulé ẹ̀kọ́ ló ń bèèrè ìwé yìí," ó ní. "Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Uṣẹ́ ti dé nìyẹn."

Mo bi í bóyá a ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ó yí iwájú ìwé náà sí mi. *Láti ọwọ́ Ìyá Kan ní Oǹdó* ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"Wò ó dáadáa," ó ní. "Ìyá mélòó ló wà l'Óǹdó? Ṣé kí n máa kan ilẹ̀kùn kiri ni?"

Pépà tó wà nílẹ̀ kò tó. Ó ṣírò ó, ó ní bí a bá yọ ojú ewé mẹ́jọ, yóò ká a. "Yọ ibi tí kò ládùn," ó ní. Òun fúnra rẹ̀ kò ka ìwé náà. Ó ní Bíbélì ti tó òun kà láyé yìí.

Ìtàn obìnrin olùkọ́ kan ni, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó ń fi iṣẹ́ olùkọ́ àti oko kòkó díẹ̀ tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Mo ń to lẹ́tà, mo ń dá rẹ́rìn-ín, torí ọmọ inú ìwé náà lẹ́nu, àfi bí ẹyẹ ìbákà. Ní ìparí orí karùn-ún ni ibà mú un. Ní orí kẹfà, ìyá rẹ̀ gbé e wọ mọ́tò láti Oǹdó, wọ́n gba Àkúrẹ́ kọjá, wọ́n ń lọ sí ilé ìwòsàn kan lọ́nà Ọ̀wọ̀, mọ́tò sì bàjẹ́ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Orí bẹ́ńṣì níwájú ilé ẹni tí wọn kò mọ̀ rí ni ọmọ náà kú sí.

Mo gbé irin sílẹ̀. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú mi. Méjì ti bàjẹ́ lára mi ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó ń kàwé lè fi ojú sáré kọjá ibi tí kò bá wù ú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń to lẹ́tà kò lè sáré. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi ṣa ikú náà, ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo bínú sí obìnrin tó kọ ọ́. Ta ló rán an níṣẹ́ pé kó pa ọmọ? Nígbà tó jẹ́ òun ló mú bírò lọ́wọ́, kí ló dé tí kò jẹ́ kí mọ́tò dé ibi tó ń lọ?

Mo sọ fún ọ̀gá pé orí kẹfà, tó jẹ́ ojú ewé mẹ́jọ gérégé, kò ládùn. Ó ní kí n yọ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ orí keje, wọ́n kọ ọ́ pé obìnrin náà, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti kú, padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi tò ó pé obìnrin náà, tí ara ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti yá, padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò tún sí ibòmíràn nínú ìwé náà tí ó pọn dandan kí n fọwọ́ kàn. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ìwé náà tà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo wa létè, obìnrin àgbàlagbà kan wọlé sí wa. Ó tínrín. Aṣọ rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n wọ́n lọ̀ ọ́ débi pé ó lè dá dúró. Ó kí wa tán, ó yọ ìwé tí a tẹ̀ nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ẹni tó ń ta ìwé nínú ọjà ló júwe ibí fún mi," ó ní. "Èmi ni Ìyá Kan ní Oǹdó."

Bí olùkọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì ló ṣe sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gún régé. Ọ̀gá mi rántí lójijì pé òun ní ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

"Ta ló to lẹ́tà ìwé yìí?"

Mo wò yíká, bí ẹni pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀. "Èmi ni, mà."

Mo kúnlẹ̀ tòun ti ikùn. Oyún náà ti wọ oṣù kẹjọ. Ẹ̀rù ń bà mí, kì í sì í ṣe ẹ̀rù ọlọ́pàá. Ẹ̀rù ẹnu àgbà ni. Bí àgbàlagbà tí èèyàn ṣẹ̀ bá la ẹnu sí oyún inú ẹni, ta ni yóò gbà á?

"Dìde, o ti wúwo ju èyí lọ," ó ní. "Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Wọ́n pè mí sí ilé ìwé kan ní Oǹdó láti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. N kò kọ orúkọ sí ìwé náà kí wọ́n má baà máa kí mi kú ọ̀fọ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ mọ̀ pé èmi ni. Ọmọ kékeré kan nawọ́. Ó ní, 'Mà, ọmọ inú ìwé yín, ṣé ó ti dàgbà báyìí?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí n kò lè wo ojú rẹ̀ kí n sọ pé ó ti kú." Ó tún gbé ìwé náà mú. "Ẹnu ara mi ni mo fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tí mo délé ni mo tó ka ohun tí ẹ tẹ̀. Kí ló dé tí o yọ ọ́?"

Mo lè ti ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀gá lọ́rùn, òun tí kò sí níbẹ̀ láti jiyàn. Ṣùgbọ́n mo sọ òótọ́.

"Mi ò lè tò ó, mà. Mo gbìyànjú. Méjì ti bọ́ lára mi. Mo rò pé bí mo bá jẹ́ kí ọmọ yẹn wà láàyè..." Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ mọ́. Mo bú sẹ́kún bí òmùgọ̀.

Ó jókòó. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe Yorùbá kíláàsì mọ́, èdè Oǹdó ni.

"Ọma mi ni," ó ní. "Ìtàn kọ́. Ọma mi gangan ni."

Mo mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó sọ ọ́, torí bákan náà ni nílé gbogbo wa. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Bí ọmọ bá kú, àwọn ẹlòmíràn ni yóò gbé e lọ. Wọ́n á mú ìyá wọnú ilé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọn ò sì ní sọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí fún un láéláé. Bí àwọn ará Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tó ṣàánú rẹ̀ ṣe ṣe fún un nìyẹn, kò sì bínú sí wọn. Ó ní bí mọ́tò bá ń gbé òun kọjá níbẹ̀, gbogbo igi tó wà lẹ́bàá odò ibẹ̀ ni òun máa ń wò, bóyá abẹ́ ọ̀kan ni ọmọ òun wà.

"Orí kẹfà yẹn ni mo fi ṣe ojú oórì fún un," ó ní. "N kò ní òmíràn. Bí ọmọ ilé ìwé kan bá kà á, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti dúró tì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ wá pa ibẹ̀ rẹ́ mọ́ mi lójú."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Mo ní n ó tò ó, pé n ó to gbogbo rẹ̀. Ó wo ikùn mi.

"Ṣé o lè ṣe é báyìí? Aboyún kì í sún mọ́ ibi òkú."

Mo ní òjé lásán ni, mà. Mo sì fi ọwọ́ bo ikùn mi.

Ìgbà tí ọ̀gá mi dé láti ìpàdé rẹ̀, n kò jẹ́ kó bọ́ bàtà. Mo sọ fún un pé bí kò bá tẹ ojú ewé mẹ́jọ yẹn àti ìbẹ̀rẹ̀ orí keje bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tí kò sì fi wọ́n sínú gbogbo ìwé tó kù, kó wá ẹlòmíràn tí yóò máa to ìkéde òkú fún un. "Ṣé mo bá ọ jà ni?" ó ní. Ó wá pépà. Títí dòní, n kò mọ ibi tó ti rí i.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá náà fi ń wọ mọ́tò láti Oǹdó wá bá mi. Ó ń kà á fún mi bí ẹni ń pe àpèkọ, kí n má baà máa gbé ojú kúrò lára òjé. Bí mo bá gbàgbé àmì, yóò fi ìka kan tábìlì. Ó máa ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹ̀pà wá, ó ní kì í ṣe èmi lòun rà á fún. A tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi bí ọmọ náà ṣe máa ń fi àga sẹ́nu ọ̀nà, tí yóò ní kí ìyá òun san owó ibodè kó tó wọlé.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta la dé orí bẹ́ńṣì. Ó ka bí àwọn obìnrin ilé yẹn ṣe bu omi wá. Ó ka bí ìyá ṣe tú gèlè rẹ̀ bo ọmọ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn kò jáde mọ́. Mo dúró, irin wà lọ́wọ́ mi. Òun ló kọ ọ́ o. Òun ló jókòó tó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n kò lè kà á fún mi.

"Ẹ jáde, mà," mo ní. "Ẹ lọ jókòó lọ́dọ̀ àwọn télọ̀. Èmi á ṣe é."

Ó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

Gbólóhùn náà kò gùn. *Ọmọ náà mí lẹ́ẹ̀kan, kò sì mí mọ́.* Ọmọ inú mi ń yí bí mo ṣe ń ṣa lẹ́tà. Mo ní kó fara balẹ̀, pé iṣẹ́ là ń ṣe. Ẹkún ń bọ̀, mo ń fi apá nù ún. N kò sáré. Mo ṣa ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n kí ìlà náà tọ́, n kò tíì to ìlà kan tó tọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo dè é mọ́ àwọn yòókù, mo fi aṣọ nu ojú rẹ̀, mo lọ pe ìyá náà wọlé.

Ó dúró ti tábìlì, ó ń wá gbólóhùn náà. Kò lè rí i, torí ojú òjé kọ sódì, ẹni tí kò bá sì mọ iṣẹ́ wa kò lè kà á. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi ìka rẹ̀ lé ìlà náà.

"Ibí ni, mà."

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ.