Kárọ́ọ̀tì Ó-Ti-Wọ́n-Jù

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Ó-Ti-Wọ́n-Jù, kárọ́ọ̀tì ni gbogbo ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ máa ń rántí. Òun ni ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń tẹ ọmọrí ìkòkò, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sì ń lo ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà kò mọ irin yàtọ̀ sí ọwọ́ èèyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ ra kọ́tìnì iná, òpó méjì tí wọ́n ń rì sí ẹnu ẹ̀rọ, tí ìlà ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí ń lọ láàárín wọn. Bí ọwọ́ bá gé ìmọ́lẹ̀ náà, ẹ̀rọ á dúró.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló lọ rà á, ọkùnrin tí kì í ra ìṣó láì ná an títí ọ̀fun á fi gbẹ.

"Ó ti wọ́n jù," ó sọ fún ẹni tó ń tà á. "Ìmọ́lẹ̀ tí mi ò lè fojú rí!"

"Ọ̀gá, èyí tí ìlà rẹ̀ sún mọ́ra ló ń rí ìka. Èyí tí ìlà rẹ̀ jìnnà síra, apá ló ń rí."

"Ẹ ṣáà yọ ìlà díẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ dín owó."

Bó ṣe gbé èyí tí kò rí ìka wálé nìyẹn, tó ń fi ṣe fáàrí.

Nígbà tí wọ́n rì í tán, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ti fìlà rẹ̀ bọ ẹnu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ dúró gbọnin. Wọ́n tún tàn án, ó ti ìgúnpá bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ dúró. Wọ́n pàtẹ́wọ́, orí rẹ̀ wú. Ló bá yọ kárọ́ọ̀tì tó fẹ́ jẹ lọ́sàn-án lápò. "Ó yá, ìka àbúrò mi rèé!" Ó tì í sáàárín ìlà méjì.

Gbàmù! Kárọ́ọ̀tì di ọmọrí ìkòkò.

Àbúrò rẹ̀ ń wo ìka ara rẹ̀. Ni akunlé ilé iṣẹ́, ẹni tó ń kun ògiri àti ẹ̀rọ lọ́dà, bá kígbe lẹ́yìn pé, "Ọ̀gá, ó ti wọ́n jù!" Ẹ̀rín bú.

Ó-Ti-Wọ́n-Jù bọ́ fìlà, ó fi bojú. "Àbúrò mi, ikú yá ju ẹ̀sín."

"Ẹ̀sín yá ju ìka tó gé, Bọ̀dá mi. Ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀."

Ọ̀gá pa ẹ̀rọ, ó ki kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bàpò, ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ó bèèrè èyí tó ń rí ìka, ó sì san iye tí wọ́n pè é láì ná an. Ẹ̀rù ba ọlọ́jà. "Ọ̀gá, ṣé kò sí o? Ṣé ara yín le?"

Láti ìgbà náà, kí àbúrò rẹ̀ tó jókòó láràárọ̀, ọ̀gá á ti ti kárọ́ọ̀tì bọ ẹnu ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá dúró, á jẹ ẹ́ níbẹ̀, ojú á sì máa tì í bí ìyàwó tuntun.

"Ọ̀gá, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ẹ̀rọ!" akunlé á ní.

Á jẹ ẹ́ tán. Kò sì ṣíwọ́ títí tó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, akunlé kò lè gbójú sókè. Àbúrò olóògbé yọ kárọ́ọ̀tì nínú báàgì rẹ̀, ó tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ dúró. Ó gbìyànjú láti jẹ ẹ́, kò lè dá a jẹ. Ó fi ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, ó ń pín in. Akunlé ló kọ́kọ́ fún.